Orin rọ́ọ̀kì Tháílándì tí gbogbo èrò ń gbè: ìbéèrè àti ìdáhùn

Orin wo gan-an là ń sọ?

"Saeng Sudthai" ni, orin tí ẹgbẹ́ Bodyslam gbé jáde ní 2010 nínú àwo wọn tó ń jẹ́ Kraam. Ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn ni ìtumọ̀ àkọlé náà, àwọn èèyàn sì máa ń pè é ní orin ìṣọ̀kan. Bí ẹ bá ti rí fídíò kan lórí fóònù yín níbi tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti dákẹ́ láàárín orin, tó na gbohùngbohùn sí èrò, tí odindi pápá ìṣeré sì ń kọ ọ́ lọ láìṣìnà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lẹ rí.

Orin méjì mìíràn ti ẹgbẹ́ yìí kan náà máa ń bá ìbéèrè yìí wọlé, torí náà mo kó wọn mọ́ ọn: "Khwam Chuea" ti 2005, tó dá lórí ìgbàgbọ́, àti "Khit Hot", orin àárò, tóun náà wà nínú Kraam.

Ta ni ń jẹ́ Bodyslam?

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó lókìkí jù ní Tháílándì ni. Ọmọ ilé ìwé girama ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, La-On sì ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́. Pẹ̀lú orúkọ yẹn ni wọ́n fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Hot Wave Music Awards ní 1996, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ olórin ilé ìwé. Ní 2002 ni àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Bodyslam ṣe jáde.

Ẹni tó ń lé orin ni Artiwara Kongmalai. Toon ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé ní Tháílándì, orúkọ ìnagijẹ kúkúrú tí òbí fún ọmọ ló máa ń bá a dàgbà, orúkọ gígùn wà fún ìwé ìjọba. Ìlú Suphan Buri ló ti wá, 1979 ni wọ́n bí i, ó sì kàwé òfin ní yunifásítì Chulalongkorn kó tó di pé gìtá gbà á lọ́wọ́ ilé ẹjọ́.

Kí ni ọ̀rọ̀ inú orin náà?

Ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò kan ni. Ó ti rìn jìnnà, ẹ̀gún kún ojú ọ̀nà, ó dá nìkan wà, síbẹ̀ ó ní òun ò ní padà títí òun yóò fi dé ibi ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn. Ó tán. Kò sí "ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀" níbẹ̀, kò sí "ọmọ ìyá kan náà ni wá". Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú nìyẹn, torí wọ́n ti gbọ́ pé orin ìṣọ̀kan ni. Èrò tèmi ni pé àìdárúkọ ìṣọ̀kan yẹn gan-an ló jẹ́ kó lè kó èèyàn jọ. Ẹni tí o bá pàṣẹ fún pé kó fẹ́ràn aládùúgbò rẹ̀, á kọ́kọ́ yọjú wo aládùúgbò náà bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ mo ṣì ń lọ" á ti máa gbè é kó tó rántí béèrè ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Mi ò gbọ́ èdè Thai. Ṣé mo lè gbádùn rẹ̀?

Ẹ lè gbádùn rẹ̀ dáadáa. Orin náà kọ́kọ́ rọra ń lọ, ìlù ń pọ̀ sí i, gìtá ń nípọn sí i, títí ègbè á fi bú jáde. Etí tó bá ti mọ lílé àti ègbè kò ní í ṣì í níbi tó yẹ kó ti gbè.

Fídíò òde eré ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó gbọ́ èyí tí wọ́n ṣe ní sítúdíò. Ní 2010 ni Bodyslam ṣeré àwo Kraam ní pápá ìṣeré Rajamangala ní Bangkok, pápá orílẹ̀-èdè tí ìjókòó rẹ̀ tó nǹkan bí 50,000. Nínú ti sítúdíò, ohùn ọkùnrin kan lẹ máa gbọ́. Nínú ti pápá, ohùn ọkùnrin yẹn máa ń sọnù, sísọnù rẹ̀ ló sì ń dùn.

Lóòótọ́ ni pé èdè wọn ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa?

Lóòótọ́ ni. Márùn-ún ni ohùn èdè Thai: àárín, ìsàlẹ̀, òkè, èyí tó ń já wálẹ̀ láti òkè, àti èyí tó ń gùnkè láti ìsàlẹ̀. Bí ohùn bá yí padà, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn nìyẹn. Torí náà akọrin Thai àti akọrin Yorùbá jọ ní wàhálà kan: orin fẹ́ gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ wálẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ bá ibi tí orin ń lọ mu, pàápàá nínú ègbè. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, wọ́n á yọ́ ohùn náà wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ sílébù, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yí i ká tọ́ka ìtumọ̀ rẹ̀. Rọ́ọ̀kì máa ń gba ara rẹ̀ láyè ju orin ìbílẹ̀ lọ nínú èyí. Àwọn tó ń kọ orin ìyìn láti èdè òyìnbó sí Yorùbá mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ṣé Carabao, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Tháílándì mìíràn tí wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ Bodyslam, kan Carabao Cup ti bọ́ọ̀lù?

Ó kàn án gan-an. Ìdíje líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń wò ní àárín ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì ń fi owó ta lé lórí, gba orúkọ yẹn ní 2017 láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ohun mímu afúnnilágbára kan ní Tháílándì. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá ohun mímu náà sílẹ̀ ní 2002 ni Yuenyong Opakul, tí wọ́n ń pè ní Aed Carabao, olórí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Carabao. Orí ẹfọ̀n oníwo tó wà lára agolo náà, àmì ẹgbẹ́ olórin wọn ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Filipínì ni carabao, ẹfọ̀n tí wọ́n fi ń túlẹ̀ oko ìrẹsì ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Filipínì ni Aed àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Khiao ti pàdé nígbà tí wọ́n ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Mapúa ní Manila, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti rí orúkọ náà. Àwo wọn àkọ́kọ́, Khi Mao, jáde ní 1981.

Àwọn kan máa ń fi ìbínú béèrè bí akọrin tó ń gbè sẹ́yìn mẹ̀kúnnù ṣe wá di oníṣòwò ńlá. Wọ́n ń bi í bẹ́ẹ̀ ní Bangkok náà.

Kí ni phleng phuea chiwit tí wọ́n ń pe irú orin Carabao?

Ẹ̀yà orin kan ni, orin fún ìgbé ayé. Àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti hù ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ológun ń ṣèjọba. Gìtá òyìnbó, fèrè ìbílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ nípa àgbẹ̀, ọmọọṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọmọbìnrin tó fi abúlé sílẹ̀ wá ta ara rẹ̀ ní ìlú. Ẹgbẹ́ tó ṣíwájú ni Caravan, tí Surachai Jantimatawn jẹ́ olórí rẹ̀. "Khon Kap Khwai", orin ènìyàn àti ẹfọ̀n, wà lára èyí tí wọ́n mọ̀ wọ́n sí jù.

Ní 14 oṣù kẹwàá 1973, ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé ìjọba Thanom Kittikachorn lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 6 oṣù kẹwàá 1976, wọ́n pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípakúpa nínú yunifásítì Thammasat, ológun sì gba ìjọba padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Caravan sá wọ igbó lọ bá àwọn Kọ́múníìsì, wọ́n ń kọrin níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba ṣe òfin ìdáríjì ní 1980 ni àwọn ará igbó ń padà wálé díẹ̀díẹ̀.

Carabao ló wá mú orin yìí kúrò nínú ọgbà yunifásítì lọ sí ọjà àti gáréèjì. Wọ́n fi gìtá oníná sí i, wọ́n fi ìlù sam cha tó ń mú ìdí jó sí i, àwọn èèyàn sì ń jó sí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pa wọ́n lẹ́kún.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Carabao?

"Made in Thailand", 1984. Fèrè oparun tí Thanis Sriklindee fọn ló ṣáájú, kí gìtá tó wọlé. Ó ń fi àwọn tí kò lè ra ọjà ilẹ̀ wọn àfi tí wọ́n bá lẹ orúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn mọ́ ọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti rí bàtà Àbá tí wọ́n tẹ Ítálì sí nísàlẹ̀ kò nílò ògbufọ̀.

Báwo ni Aed Carabao ṣe wọ inú orin Bodyslam?

"Khwam Chuea" ti 2005 ni. Toon ló ń lé e, Aed sì bá a dá sí i pẹ̀lú ohùn tó ti gbó. Nígbà yẹn, Toon kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, Aed sì ti pé àádọ́ta. Ọ̀rọ̀ orin náà ni pé ayé ti gbá èèyàn mọ́lẹ̀, àmọ́ ohun tó gbà gbọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọmọdé nìkan bá kọ ọ́, á dà bí ìgbéraga. Bí àgbà nìkan bá kọ ọ́, á dà bí ìwàásù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì bí nígbà tí Carabao ń ṣeré tó gbóná jù ló ti ara orin yìí mọ bàbá náà, àwọn òbí tó sì ń pe rọ́ọ̀kì ìsinsìnyí ní ariwo dúró gbọ́ ọ nítorí ohùn tí wọ́n mọ̀. Nínú orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ, èyí ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Saeng Sudthai" ni èrò ń pariwo fún.

Kí ló jẹ́ kí "Khit Hot" ṣe pàtàkì? Orin ìfẹ́ lásán kọ́ ni?

Orin ìfẹ́ ni, orin ẹni tí àárò ń sọ. Ẹni tí wọ́n pè wá kọ ọ́ ló mú un yàtọ̀: Siriporn Ampaipong, àgbà akọrin mo lam àti luk thung, orin ìgbèríko Tháílándì, láti Isan.

Isan ni ìhà àríwá ìlà-oòrùn Tháílándì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ló wá láti ibẹ̀, èdè wọn sún mọ́ ti Laos ju ti Bangkok lọ. Àwọn ló ń wa takisí ní Bangkok, àwọn ló ń kọ́ ilé alájà gíga, àwọn ló ń tọ́jú ọmọ olówó. Fún ìgbà pípẹ́, bí ọmọ Isan bá ya ẹnu sọ èdè ilé ní ìgboro, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín. Mo lam sì ni orin wọn, èyí tí wọ́n máa ń fi khaen, fèrè oníọ̀pọ̀ oparun, gbè lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ìgboro ka a sí orin ará oko.

Nígbà náà ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn ọmọ yunifásítì wá fi èdè Isan ṣe àkọlé orin, wọ́n sì fi màmá olórin mo lam sí àárín gìtá oníná. Àwọn ọmọ Bangkok kọ èdè Isan lóhùn rara ní pápá ìṣeré. Kò sí ẹni tó wàásù fún wọn kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìjà kì í ṣẹlẹ̀ ní òde eré irú àwọn orin báyìí?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ní 9 oṣù kejì 1985, Carabao ṣe òde eré ńlá ní Velodrome ní Hua Mak, Bangkok. Irú rẹ̀ kò tíì pọ̀ ní Tháílándì nígbà náà. Ìjà bẹ́ láàárín àwọn èrò, wọ́n sì dá eré náà dúró kó tó parí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá sọ pé òun ń lọ sí òde Carabao, ìyá rẹ̀ á ní kó ṣọ́ orí rẹ̀.

Ó dára kí ẹni tó bá ń sọ pé orin máa ń sọ ọ̀tá di ọ̀rẹ́ rántí alẹ́ yẹn. Orin ìlú kan náà ni gbogbo wọn jọ mọ̀ lórí, síbẹ̀ wọ́n lu ara wọn.

Sáré tí Toon sá ńkọ́? Kí ni ìtàn rẹ̀?

Ní oṣù kejìlá 2016, ó kọ́kọ́ sáré láti Bangkok lọ sí ilé ìwòsàn Bang Saphan ní agbègbè Prachuap Khiri Khan, nǹkan bí 400 kìlómítà, kó lè rí owó ra ohun èlò fún ilé ìwòsàn kan ṣoṣo yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wá ṣe èyí tí gbogbo ayé gbọ́. Ní 1 oṣù kọkànlá 2017, ó gbéra ní Betong ní ẹnubodè Màléṣíà, ó sì dé Mae Sai ní ẹnubodè Myanmar ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ọ̀nà náà lé ní 2,000 kìlómítà. Ilé ìwòsàn ìjọba mọ́kànlá ló sá a fún.

Ètò náà ń jẹ́ Kao Khon La Kao, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ kan. Ohun tó béèrè ni báàtì 10, owó Tháílándì, lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Báàtì 10 kò lè ra oúnjẹ àjẹyó. Àwọn ọmọ Tháílándì sì tó mílíọ̀nù 70, torí náà mílíọ̀nù 700 báàtì ló fojú sùn. Ó lé ní bílíọ̀nù kan nígbà tí ó fi parí.

Ẹ kíyè sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Betong wà ní agbègbè Yala, níbi tí Mùsùlùmí tó ń sọ èdè Malay ti pọ̀ jù, tí ogun abẹ́lé sì ti ń mú ẹ̀mí lọ láti 2004. Àwọn obìnrin oníhíjáàbù ló kọ́kọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Bó ṣe ń lọ sókè, àwọn mọ́ńkì Búdà náà ń jáde. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń já kóló wọn wá. Bó ti wulẹ̀ kéré tó, báàtì 10 yẹn sọ ẹni tó mú un wá di ara àwọn tó ń sáré.

Ẹni tí kì í ṣe dókítà, kí ló kàn án pẹ̀lú ilé ìwòsàn? Ṣé iṣẹ́ ìjọba kọ́ nìyẹn?

Ìbéèrè tí àwọn ará Tháílándì fúnra wọn bi nìyẹn, kò sì rọrùn. Láti 2002 ni òfin ti wà pé kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà rí ìtọ́jú gbà. Báàtì 30 péré ni aláìsàn ń san nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, orúkọ yẹn ni wọ́n sì ṣì fi ń pè é. Àwọn ilé ìwòsàn agbègbè ń rí èrò tó pọ̀ gan-an, owó tó ń wọlé sì máa ń kéré sí iṣẹ́. Ní ọdún kan náà tí Toon sáré, ìjọba ológun fọwọ́ sí ríra ọkọ̀ ogun abẹ́ omi kan láti Ṣáínà ní bílíọ̀nù 13.5 báàtì. Ẹ fi ìyẹn wé mílíọ̀nù 700.

Àwọn kan sọ pé sáré náà bo ìjọba láṣìírí: dípò kí àwọn èèyàn bínú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ẹ̀rọ mímí kò sí fún lálẹ́ òní kò lè dúró de ìgbà tí ètò ìṣúná yóò yí padà.

Mo rò pé àwọn méjèèjì tọ̀nà, ohun tó sì ń dùn mí ni pé ìdí kejì máa ń borí ìdí kìíní lójoojúmọ́. Toon kò sọ̀rọ̀ òṣèlú lójú ọ̀nà. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè bá a sáré, òun náà ni kò sì jẹ́ kí sáré náà kan ẹni tó mú ìwé ìṣúná lọ́wọ́.

Ṣé ìjọba náà máa ń ṣe orin ìṣọ̀kan?

Wọ́n ń ṣe é, wọn kì í sì í mọ̀ ọ́n ṣe. Ológun gba ìjọba ní 22 oṣù karùn-ún 2014. Nígbà tó di oṣù kẹfà, orin kan ti wà lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tó ń ṣèlérí láti dá ìdùnnú padà fún Tháílándì. Ọ̀gágun Prayut Chan-o-cha, olórí ìdìtẹ̀gbàjọba náà, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí àwọn aráàlú fún àwọn ní àkókò díẹ̀ sí i. Oṣù kẹta 2019 ni wọ́n tó dìbò.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé orin orílẹ̀-èdè sáfẹ́fẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á sì dúró gbágidi nínú ọgbà ìgbafẹ́ àti ní ibùdókọ̀ títí á fi parí. Ìdúró ni ìyẹn, ó lọ́wọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fi í wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí Toon bá na gbohùngbohùn sí èrò yóò rí i pé ọ̀kan ń dá ẹsẹ̀ dúró, èkejì ń la ẹnu.

Aláṣọ pupa tàbí aláṣọ yẹ́lò: ìhà wo ni àwọn olórin wọ̀nyí wà?

Fún ẹni tí kò mọ̀: láti nǹkan bí 2006 ni Tháílándì ti pín sí ìhà méjì nínú òṣèlú. Aláṣọ yẹ́lò pọ̀ láàárín àwọn ará ìgboro àti àwọn tó súnmọ́ ààfin, aláṣọ pupa sì pọ̀ ní Isan àti àríwá. Ìdìtẹ̀gbàjọba méjì, ti 2006 àti ti 2014, ló ti inú rẹ̀ jáde.

Ìbéèrè yìí dun àwọn olólùfẹ́ phleng phuea chiwit gan-an. Àwọn àgbà kan tó sá wọ igbó fún ológun ní 1976 ni wọ́n rí lórí pèpéle aláṣọ yẹ́lò. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí orin náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn sì wà ní ìhà kejì, wọ́n ń kọ àwọn orin kan náà.

Orin kan wà tó bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. "Saeng Dao Haeng Sattha" ni, orin ìràwọ̀ tó ń tàn nígbà tí ọ̀run ṣú. Jit Phumisak, akéwì àti onímọ̀ èdè, ló kọ ọ́ nínú ẹ̀wọ̀n Lat Yao, nígbà tó wà ní àtìmọ́lé láàárín 1958 sí 1964. Wọ́n yìnbọn pa á ní Sakon Nakhon ní 5 oṣù karùn-ún 1966. Pupa kọ ọ́, yẹ́lò kọ ọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń ṣe ìwọ́de ní 2020 kọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá gbọ́ "Saeng Sudthai" lẹ́yìn rẹ̀ á gbọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ti ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bodyslam kò fi òṣèlú sí i.

Nípa Bodyslam fúnra wọn: wọ́n yàgò fún ìhà méjèèjì. Àwọn kan ń pè é ní ọgbọ́n, àwọn kan ń pè é ní ojo.

Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, kí ni mo tún lè gbọ́?

Ẹ wá Loso. Seksan Sukpimai ló ń lé e, ọmọ Nakhon Ratchasima tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ rí. Lo Society ni àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1996, orúkọ tí wọ́n fi dá àwọn olówó Bangkok tó ń pe ara wọn ní Hi-So lóhùn. Ẹ tún wá Asanee àti Wasan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Loei, bí ẹ bá fẹ́ gìtá tó dùn ju ọ̀rọ̀ lọ.

Mo fẹ́ tú "Saeng Sudthai" sí Yorùbá kí ẹgbẹ́ akọrin wa kọ ọ́ níbi ayẹyẹ. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Wàhálà méjì ló wà níbẹ̀. Ti èdè ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ yanjú. Ibi tí orin náà ti ń gòkè jù nínú ègbè, ohùn òkè ni Yorùbá máa béèrè níbẹ̀. Bí ẹ bá fi "ọ̀nà" síbẹ̀, etí lè gbọ́ ọ sí nǹkan mìíràn. Ẹ má ṣe tú u ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Ẹ fi ẹnu kùn ún láìsí ọ̀rọ̀ títí á fi mọ́ yín lára, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohùn rẹ̀ bá a lọ fúnra rẹ̀, kódà bí ìtumọ̀ bá yẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ègbè kúrú. Ẹ tọ́jú "èmi" inú rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di "àwa" torí pé ẹ fẹ́ kó bá ayẹyẹ mu. Níbi tí mo ti gbọ́ tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ sí orin mìíràn, ńṣe ló di orin ìpàdé.

Èkejì ni ti òfin. Títú orin ẹlòmíràn sí èdè mìíràn jẹ́ àtúnṣe sí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín ló sì lè fàyè gbà á. Abẹ́ Genie Records, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ GMM Grammy ní Bangkok, ni àwo Kraam wà. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, tàbí tà á, tàbí gbé e sórí YouTube, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ kọ̀wé tọrọ àyè, kí ẹ tó háyà sítúdíò.